Òkò Tí Màmá Onílé Fọwọ́ Ara Wọn Fọ̀

Ọmọ aládùúgbò mi kan ń múra ìdánwò àṣejáde lọ́wọ́. Láàárọ̀ kùtùkùtù, kí n tó ṣí ìsọ̀ aṣọ mi, ohùn rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ láti ojú fèrèsé, tí yóò máa ka fọ́múlà eré àti ìjábọ́ bí ẹni ń ka oríkì bàbá rẹ̀: v = u + at, v² = u² + 2as. Lọ́jọ́ kan mo ń gbá iwájú ìsọ̀, ló bá há sí àárín ọ̀kan, kò rántí èyí tó kàn. Mi ò mọ ìgbà tí ẹnu mi bá a parí rẹ̀. Ó yọjú, ó wò mí, ó wo àdìrẹ tí mo kó lé èjìká, ó wá bi mí pé ṣé èmi náà ṣe Físíìsì rí ni. Mo ní kó padà sídìí ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú mi dùn títí ilẹ̀ fi ṣú, nítorí ìbéèrè rẹ̀ gbé mi padà sí Ìkòsì ìgbà èwe mi, ní Èkó níbí, sí ẹ̀gbẹ́ kànga kan tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ tìtorí rẹ̀ pàdánù Físíìsì pátápátá.

Ẹ má rò pé mo ti di arúgbó o. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹgbẹ̀rún méjì ni mò ń sọ, nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé, tí ẹni tó bá ní in á so ó mọ́ bẹ́líìtì kí gbogbo Kétù lè rí i. Ilé ilẹ̀ gígùn kan là ń gbé, yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ la àárín kọjá, sítóòfù oníkẹrosíìnì ti oníkálukú wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ìyá mi ń ta àdìrẹ tí wọ́n ń gbé wá láti Abẹ́òkúta. Yàrá tó kọjú sí tiwa ni Rìsíkátù ọ̀rẹ́ mi ń gbé pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀ tí wọ́n ti Ṣakí wá. Bàbá rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó iṣu wá sí ọjà Mile 12, gbogbo ilé sì máa ń mọ ọjọ́ tí wọ́n bá dé, torí òórùn iṣu sísun á gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. Onígbàgbọ́ ni àwa, Mùsùlùmí ni àwọn, ọdún méjèèjì la sì jọ ń jẹ.

Ẹni tó ni ilé náà, Màmá Onílé là ń pè wọ́n. Ọmọ bíbí Ìkòsì ni wọ́n, ìran wọn ló ni ilẹ̀ ibẹ̀ kí ilé tó kún un, Àwórì tí wọ́n ń sọ sì máa ń pa Rìsí lẹ́rìn-ín sábẹ́ ìborùn. Wọn kì í pariwo. Bí wọ́n bá bínú, wọ́n á kàn pe orúkọ rẹ lẹ́ẹ̀kan, ìwọ fúnra rẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ohun tí o ṣe. Ọkọ wọn tó ti kú ló gbẹ́ kànga tó wà lẹ́yìnkùlé, kànga náà ni wọ́n sì fẹ́ràn jù láyé lẹ́yìn àwọn ọmọ wọn. Àwa ọmọdé tilẹ̀ máa ń sọ pé àwọn ọmọ ló wà ní ipò kejì. Omi rẹ̀ mọ́, ó tutù, kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, àwọn èèyàn sì máa ń ti òpópónà mìíràn wá bẹ̀bẹ̀ fún un.

Kànga yẹn ní òfin ju ilé-ẹjọ́ lọ. O kò gbọdọ̀ wọ bàtà gun pèpéle rẹ̀. O kò gbọdọ̀ fọṣọ nítòsí rẹ̀. Bí okùn bá já, tí rọ́bà tí a fi ń fa omi bá já sínú rẹ̀, o kò gbọdọ̀ wá ìkọ́ fúnra rẹ; ọ̀dọ̀ Màmá ni wàá kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ kí wọ́n tó mú ìkọ́ jáde. Èyí tó wá ga jù nínú òfin náà ni pé ohunkóhun tí kì í ṣe rọ́bà ìfami kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Wọ́n ní kànga tí à ń mu, ẹnu ni, a kì í sì í ju nǹkan sí èèyàn lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe ní ilé tó kù ní Ìkòsì àti Kétù, àfi pé ti Màmá Onílé tún le ju tiwọn lọ.

Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí à ń lọ kò jìnnà. Fèrèsé kíláàsì wa kò ní gíláàsì, ariwo àwọn tó ń já ẹrù ní Mile 12 sì máa ń bá wa jókòó látàárọ̀ dọ̀sán. Òfin kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè rò pé irọ́ ni mò ń pa. Ẹni tó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà, ó ti sọ fànákúlà nìyẹn, yóò sì kúnlẹ̀ nínú oòrùn. Prínsípà ló gbé òfin náà kalẹ̀, ọkùnrin gíga kan tó máa ń fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní Yorùbá kò lè gbé wa débì kankan. A ní yẹsà. Bó bá sì ti kọjá tán, Yorùbá la fi ń ṣẹ̀fẹ̀ bó ṣe ń fa ṣòkòtò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa pe òun àti tíṣà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní "ó", kí ìtàn má baà dojú rú; Màmá Onílé nìkan ni ẹnu mi ò lè pè bẹ́ẹ̀ títí dòní.

Olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní Físíìsì ti gba ìwé ìṣípò, ó ti lọ, ó sì ti tó ọjọ́ mẹ́ta, ìjọba kò rí ẹlòmíràn fún wa. Ohun tí àwọn ẹ̀gbọ́n tó ti jáde kọ sílẹ̀ là ń dà kọ, à ń kó fọ́múlà sórí láìmọ ohun tí wọ́n wà fún. Síbẹ̀ mo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an: mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹran ọdún lọ. Ó ń ṣe mí bíi pé ẹnìkan ti rí àṣírí bí ohun gbogbo ṣe ń rìn láyé, tó sì ká a mọ́ inú lẹ́tà díẹ̀, ó wá ku ẹni tí yóò bá mi tú u.

Ẹni tó tú u náà ni Kọ́pà Àbẹ̀kẹ́, àgùnbánirọ̀ ọmọ Èkìtì tí wọ́n gbé wá síbẹ̀ láti sin ilẹ̀ baba rẹ̀. Obìnrin kúkurú ni, aṣọ kákí rẹ̀ tóbi jù ú lọ, ó sì máa ń ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà sókè bí ẹni fẹ́ wọ odò. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ kíláàsì, kí ló ṣe? Ó ju ṣọ́ọ̀kì sókè, ó gbá a mú, ó wá bi wá pé nígbà tí ṣọ́ọ̀kì náà dé téńté òkè, kí ni ilẹ̀ ń ṣe fún un. Múfútáù tó máa ń jókòó lẹ́yìn dáhùn pé ilẹ̀ ti fi í sílẹ̀ kó sinmi díẹ̀. Gbogbo wa gbà bẹ́ẹ̀, torí ní ojú tiwa, ohun tó bá gun òkè yẹ kó sinmi. Kọ́pà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ilẹ̀ kì í gba ìsinmi, kì í sì í lọ ọdún. Bí nǹkan ń lọ sókè, ilẹ̀ ń fà á; bó dúró fìrí lókè, ilẹ̀ ń fà á; bó ń bọ̀ nílẹ̀, ilẹ̀ ṣì ń fà á, fífà náà kì í le sí i, kì í sì í dẹ̀. Ìdí nìyẹn tí eré ohun tó ń já bọ́ fi ń fi mítà mẹ́wàá lé sí i ní sẹ́kọ́ńdì kọ̀ọ̀kan. Òfo nígbà tó gbéra, mẹ́wàá lẹ́yìn sẹ́kọ́ńdì kan, ogún lẹ́yìn èkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Òyìnbó ló fi sọ gbogbo rẹ̀, Òyìnbó tí Èkìtì ń yọjú nínú rẹ̀, mo sì gbọ́ ọ yé. Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo ohun tó bọ́ lọ́wọ́ mi nílé ni mo dúró wò.

Ọjọ́ Ẹtì kan ló fún wa ní iṣẹ́ àmúrelé tó dá gbogbo nǹkan sílẹ̀. Ó ní kí oníkálukú jọ̀wọ́ òkúta kékeré sínú kànga ilé rẹ̀, kó fi aago ka bó ṣe pẹ́ tó kó tó kan omi, kó sì ṣírò bí omi ṣe jìn sí ẹnu kànga láìlo okùn. Ní ìlú tirẹ̀, orí àpáta ni wọ́n ti ń ṣe é, kò sì sí ẹni tó ń mu omi ìsàlẹ̀ àpáta. Kò mọ òfin kànga Ìkòsì. Àwa tí a mọ̀ ńkọ́? A wo ara wa lójú, a kọ ọ́ sínú ìwé. Tíṣà ló ní ká ṣe é, ta ni yóò sọ pé òun ò ṣe?

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí kànga tí kò gba òkò láti Kétù títí dé Ìkòsì. Èmi àti Rìsí dúró títí Màmá Onílé fi wọlé lọ jẹun. Mo bọ́ bàtà mi, mo gun pèpéle, nítorí bí èèyàn bá fẹ́ rú òfin, kó má rú gbogbo rẹ̀ tán. Rìsí di aago ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú, aago onírin tó ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń ka sẹ́kọ́ńdì. Mo jọ̀wọ́ òkò náà. Ìró omi dún láti ìsàlẹ̀, Rìsí tẹ bọ́tìnnì, ó ní sẹ́kọ́ńdì méjì géérégé. Kí a tó sọ̀kalẹ̀, mo gbọ́ orúkọ mi lẹ́yìn wa, lẹ́ẹ̀kan péré.

Rìsí ló sọ̀rọ̀. Ó fẹ́ kí Màmá mọ̀ pé iṣẹ́ ilé-ìwé ni, kì í ṣe ìwà ìpáǹle, ló bá sáré ṣe ìṣirò lórí ìdúró: eré òkò di ogún nígbà tó kan omi, ogún lọ́nà méjì, ogójì. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú, tíṣà wa ló ní ká wọ̀n ọ́n. Ogójì mítà ni kànga yín kó tó kan omi." Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Màmá Onílé ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n àwọn ló ń ra okùn kànga náà ní ọjà Kétù. Yáàdì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọ́n máa ń rà, á kan omi, á sì ku èyí tí èèyàn yóò dì mú. Wọ́n pe ìyá mi jáde, wọ́n béèrè bí mítà ṣe rí sí yáàdì. Ìyá mi, aláṣọ, dáhùn pé mítà fi díẹ̀ gùn ju yáàdì lọ. Màmá bá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. Wọ́n ní àwọn lè forí jin ọmọdé tó ju òkò sínú omi, ṣùgbọ́n tíṣà tó rán ọmọ lọ ba omi jẹ́, tó tún fi irọ́ kọ́ ọmọ, àwọn ò ní gbà fún un.

Wọ́n kò gbà lóòótọ́. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, àwọn onílé Ìkòsì àti Kétù kún ọ́fíìsì Prínsípà, Màmá Onílé ló ṣáájú wọn. Ìdílé Màmá ló yọ̀ǹda ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà sí, nítorí náà Prínsípà kò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán kó tó dá ẹjọ́. Ó ní Kọ́pà Àbẹ̀kẹ́ á kúrò ní kíláàsì, yóò máa to ìwé nínú láíbìrì títí yóò fi sìnlú tán. Físíìsì á dúró títí ìjọba yóò fi rán olùkọ́ wá. Àwa tí à ń ṣe é, kí a yan ẹ̀kọ́ mìíràn rọ́pò rẹ̀ kí wọ́n tó forúkọ wa sílẹ̀ fún ìdánwò àṣejáde, ìforúkọsílẹ̀ náà sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ti pe èmi àti Rìsí wá gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, etí mi ni mo fi gbọ́ ọ. Ó dùn mí débi pé mo gbàgbé láti bẹ̀rù. Ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún mi ni, wọ́n sì tún fẹ́ tì í mọ́ mi lójú.

Kọ́pà kúnlẹ̀ fún àwọn onílé. Ó tọrọ àforíjì lórí omi, ó ní òun kò mọ̀ pé èèwọ̀ ni, òun ì bá ti béèrè. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ irọ́, kò bẹ̀bẹ̀. Ó ní ìṣirò kò purọ́, ọmọ ló sáré ṣe é, ó sì ní kí Prínsípà jẹ́ kí èmi ṣe é lójú gbogbo wọn. Mo gba ṣọ́ọ̀kì, mo ṣe é lára pátákó kékeré tó wà níbẹ̀, mo sì ń fi Òyìnbó ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ ọ́. Prínsípà ń mi orí. Tíṣà ìtàn ni, mi ò sì rò pé ó mọ ohun tó ń mi orí sí.

Màmá Onílé béèrè pé, "Kí ló ń sọ?"

Prínsípà fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó wo Kọ́pà. Kọ́pà fúnra rẹ̀ fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀, ọ̀rọ̀ ta kókó sí i lẹ́nu. Ilé-ìwé ló ti kọ́ ọ, Òyìnbó ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Mo wá fi Òyìnbó tọrọ àyè lọ́wọ́ Prínsípà kí n sọ Yorùbá. Ẹ wo irú ayé tí a gbé! Ó wo Màmá, ó wò mí, ó ní kí n máa sọ ọ́.

Mo ní, "Màmá, ẹ wo ọkọ̀ bàbá Rìsí. Bó bá fẹ́ kúrò ní Kétù, ṣé ó ti ń sáré kó tó gbéra ni?"

Wọ́n ní rárá, ìdúró ló ti ń gbéra.

"Bó bá gbéra láti ìdúró, tí eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i bákan náà títí ó fi ń sá ogún, ṣé a lè ní ogún ló ti ń sá láti Kétù?"

Wọ́n ní òmùgọ̀ ló máa sọ bẹ́ẹ̀. Rìsí wolẹ̀. Mo ní bí òkò náà ṣe ṣe nìyẹn. Òfo ni eré rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ogún ni nígbà tó kan omi. Tí a bá wá da èyí tó lọ́ra níbẹ̀rẹ̀ pọ̀ mọ́ èyí tó yá níkẹyìn, tí a pín in sí méjì dọ́gba, mẹ́wàá ló sá. Mẹ́wàá fún sẹ́kọ́ńdì kìíní, mẹ́wàá fún èkejì, ogún mítà. Mo ní ogójì tí Rìsí pè, ó ka òkò náà sí èyí tó ti ń sáré kó tó kúrò lọ́wọ́ mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa gbọ́ Físíìsì ní Yorùbá, ẹnu ara mi ni mo sì ti gbọ́ ọ. Kò ta kókó rárá. Orí mi wú.

Màmá Onílé ní ogún bá okùn mu, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni mo ń fa omi níbẹ̀, ọmọ tó bá mọ bí okùn ṣe gùn tó lè mọ èsì kó tó mọ ìṣirò. Wọ́n ní kànga kan wà ní agboolé bàbá àwọn, èmi àti Rìsí ò débẹ̀ rí. Kí a lọ wọ̀n ọ́n. Prínsípà gbà, ó ní bí okùn bá gbè wá, Kọ́pà á padà sí kíláàsì; bí kò bá gbè wá, ọ̀rọ̀ láíbìrì kò yí padà.

Ẹ ò rí bí a ṣe tò lọ. Màmá ṣáájú, Prínsípà tẹ̀ lé wọn, àwọn onílé ń jiyàn lẹ́yìn, tíṣà eré ìdárayá gbé tépù gígùn tí wọ́n fi ń wọn àwọn tó ń fò jìnnà. Kọ́pà ń bọ̀ lẹ́yìn gbogbo wa. Agboolé náà wà ní Ìkòsì àtijọ́, níbi tí àwọn ilé alámọ̀ ṣì kù díẹ̀, kànga sì wà láàárín gbùngbùn rẹ̀, wọ́n fi páànù bò ó. Àbúrò Màmá kan tó ń gbé ibẹ̀ jáde, ó béèrè ohun tó gbé èèyàn wá rẹpẹtẹ. Màmá ní ẹjọ́ ni a wá dá.

Màmá ní kí wọ́n ṣí páànù. Wọ́n bọ́ bàtà wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣa òkúta kékeré kan nílẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n bu omi wá nínú abọ́. Màmá Onílé fọ òkúta náà bí ẹni ń fọ ẹ̀wà, wọ́n yí i, wọ́n tún fọ̀ ọ́, wọ́n fi etí ìró nù ún gbẹ, wọ́n wá nà án sí mi. Kò sí ẹni tó tíì rí i kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn fún èèyàn ní òkò pé kó lọ fi sínú kànga.

Wọ́n ní, "Jọ̀wọ́ rẹ̀. Má jù ú o. Tí o bá jù ú, kì í ṣe ìdúró ló ti gbéra mọ́."

Mo gbójú sókè wo Kọ́pà. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Obìnrin tí kò jókòó ní kíláàsì rí ti gba ẹ̀kọ́ náà láàárín ọ́fíìsì Prínsípà sí agboolé bàbá wọn, wọ́n sì ti ń fi kọ́ èmi.

Rìsí gbé ìka lé bọ́tìnnì aago bàbá rẹ̀, ó tẹ́tí. A ṣe é ní ìgbà mẹ́ta, Màmá sì fọ òkúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Sẹ́kọ́ńdì kan àbọ̀ ni, kò fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀. Mo fi igi kọ ọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ń sọ ọ́ jáde ní Yorùbá. Òfo ló fi gbéra, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fi kan omi, ìdajì rẹ̀ jẹ́ méje àbọ̀, méje àbọ̀ fún sẹ́kọ́ńdì kan àbọ̀, mítà mọ́kànlá àti díẹ̀. Tíṣà eré ìdárayá sọ okùn kalẹ̀ títí rọ́bà fi kan omi, ó di ibi tó dọ́gba pẹ̀lú ẹnu kànga mú, ó fà á jáde, ó tẹ́ ẹ lé tépù. Ó ní mọ́kànlá ni, ó fi bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì dín.

Onílé kan láti Kétù sọ pé kò pé. Kọ́pà wá jáde sí àárín, ó gbàgbé òfin fànákúlà, ó gbàgbé Prínsípà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Yorùbá tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ Èkìtì. Ó ní nígbà tí òkúta kan omi, ìró náà ní láti gun kànga jáde kó tó dé etí Rìsí, ìka Rìsí náà sì ní láti gbọ́ kó tó tẹ aago. Ìdádúró kékeré yẹn ló fi díẹ̀ kún ìṣirò wa. Bí òkúta bá tiẹ̀ já bọ́ níṣojú Prínsípà fúnra rẹ̀, díẹ̀ yẹn ò ní ṣàì sí níbẹ̀.

Màmá Onílé fetí sí i dópin. Wọ́n ní òótọ́ ni, ohun tó bá dún ló ń ṣáájú, ìró rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé e. Wọ́n yíjú sí Prínsípà, wọ́n ní, "Kì í ṣe irọ́. Ẹ jẹ́ kó máa kọ́ wọn." Wọ́n sì kìlọ̀ fún Kọ́pà pé tó bá tún fẹ́ rán ọmọ sí kànga ẹnikẹ́ni ní Ìkòsì, ọ̀dọ̀ àwọn ni kó kọ́kọ́ wá, kó sì mú òkúta tó mọ́ dání.

Láti ọjọ́ náà, Yorùbá àti Òyìnbó ni Kọ́pà fi ń kọ́ wa, ilẹ̀kùn á wà ní títì, Prínsípà á sì máa kọjá bí ẹni tí kò gbọ́. Bí ìwé bá ní ọkọ̀ ojú irin kan kúrò ní ìlú tí a kò mọ̀, àwa á sọ ọ́ di ọkọ̀ iṣu tó kúrò ní Kétù. A ó bi ara wa pé kí ló fi bẹ̀rẹ̀, kí ló fi parí, báwo ló ṣe pẹ́ tó. Nígbà tí ìdánwò dé, kò sí ọ̀kan nínú wa tó já kúlẹ̀ nínú Físíìsì, Múfútáù tó ní ilẹ̀ ń sinmi náà yege. Àwọn èèyàn máa ń sọ̀rọ̀ Mile 12 bíi pé tòmátì àti ariwo nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé èmi ni mo sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Nǹkan ti yí padà lóòótọ́. Wọ́n ti wó ilé ilẹ̀ wa, ìsọ̀ onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà níbẹ̀ báyìí, wọ́n sì ti fi kọnkéré dí kànga rẹ̀. Omi tó ń ti inú páìpù jáde kò ní òfin kankan, kò sì sí ẹni tó ń kúnlẹ̀ nítorí rẹ̀. Màmá Onílé ti sùn. Fóònù tó wà lọ́wọ́ ọmọ aládùúgbò mi á ṣe gbogbo ìṣirò yẹn kó tó mí lẹ́ẹ̀kan, mi ò sì bá a jà. Èmi fúnra mi kò di ẹni ńlá nínú sáyẹ́ǹsì. Mo gba ìsọ̀ ìyá mi, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Àmọ́ nǹkan kan wà tí kò lọ. Nígbà tí ọdún ìsìnlú Kọ́pà Àbẹ̀kẹ́ pé, tó ti ń di ẹrù rẹ̀, Màmá Onílé tún wá sí ọ́fíìsì Prínsípà láàárọ̀ Mọ́ńdè, àwọn nìkan. Prínsípà rò pé ọ̀ràn mìíràn ti ṣẹ̀, ó fa ṣòkòtò sókè. Wọ́n jókòó, wọ́n ní, "Ọmọ Èkìtì yẹn ń lọ. Ta ló kàn?" Ó ní òun á kọ̀wé sí ìjọba. Wọ́n ní kó kọ ọ́ níbẹ̀, àwọn á dúró. Wọ́n sì dúró, wọn ò dìde títí ó fi kọ ọ́ tán, tó rán an lójú wọn. Wọ́n rán kọ́pà mìíràn wá, ọdún tó tẹ̀ lé e wọ́n tún lọ jókòó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe títí ẹsẹ̀ wọn ò fi gbé wọn débẹ̀ mọ́.

Rìsí ló kàn báyìí. Ó lọ sí yunifásítì, ó padà wá, ilé-ẹ̀kọ́ wa gan-an ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Físíìsì, kò sì sí ẹni tó ń gbé e lọ síbòmíràn. Tó bá kan ọ̀rọ̀ ìjábọ́, ó máa ń sọ fún wọn láìtijú pé òun ló pe ogún ní ogójì nígbà kan, pé ọ̀rẹ́ òun tó ń ta àdìrẹ ní Ìkòsì ló tún un ṣe. Àwọn ọmọ náà máa ń wá sí ìsọ̀ mi wá béèrè bóyá òótọ́ ni. Mo máa ń ní kí wọ́n jókòó.